Ìdajì Ẹ̀gbẹ́ Kì í Ṣe Ìdajì Omi

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá o. Mo fẹ́ yẹ irú ìṣirò kan wò, kí n sọ ibi tí ó ti dára, kí n sì sọ ibi tí ó kù sí. Ìṣirò tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sọ ni. Wọ́n á fi lẹ́tà x dúró fún nọ́ńbà tí a kò tíì mọ̀, wọ́n á sì ní ká wá àyè inú kúbù. Àwọn ọmọ wa ń bá a pàdé ní ilé ẹ̀kọ́. Àwa àgbà rò pé kò kàn wá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Okpomèta níbí ni ó yí èrò mi padà.

Gbogbo wa mọ bí ọ̀rọ̀ omi ṣe rí lórí ilẹ̀ Kétu. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn. Kànga gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Nítorí náà ni àwọn ilé kan fi ń gbẹ́ kòtò, tí wọ́n ń fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì mọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń darí omi òjò láti orí páànù wá sínú rẹ̀. Sitẹ́nì ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá ní sitẹ́nì tí ó tó, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ó fẹ́ ṣe sitẹ́nì. Ó ti rí ti aládùúgbò rẹ̀: gígùn rẹ̀ mítà 2, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 2, jíjìn rẹ̀ mítà 2. Ó lọ bá másọ̀n tí ó ṣe é. Másọ̀n dá iye fún un. Ẹ jẹ́ ká pe iye náà ní 400.000 fáráǹkì, kí ìṣirò wa lè rọrùn. Ìdajì rẹ̀ péré ni ìyá náà ní lọ́wọ́.

Ìyá ní: "Ọmọ mi, ìdajì owó ni mo ní. Ṣe ìdajì fún mi."

Másọ̀n ní: "Kò burú, Ìyá. Dípò mítà 2, mítà 1 ni màá ṣe fún yín ní gígùn, mítà 1 ní fífẹ̀, mítà 1 ní jíjìn. Ìdajì owó, ìdajì iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Wọ́n jọ fẹnu kò. Iṣẹ́ parí, òjò rọ̀, sitẹ́nì kún. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, aládùúgbò ṣì ń fa omi, ti ìyá yìí ti gbẹ. Ẹni 6 ni wọ́n wà nínú ilé. Ìyá rò pé àwọn ọmọ ló ń fi omi ṣòfò. Ó bá wọn wí, ó tilẹ̀ na ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Kúbù ni àpótí tí gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀ dọ́gba, bí ọmọ ayò tí àwọn ọmọdé ń dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta lúdò. Àyè inú kúbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 1 ni wọ́n ń pè ní mítà kúbù 1. Lítà 1.000 omi ni ó ń gbà. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ mú àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Lítà 1 ni ó ń gbà. Bí ẹ bá ń to irú rẹ̀ sínú kúbù mítà 1, àpótí kékeré 10 ni yóò wà lórí ìlà kan. Ìlà 10 ni yóò wà ní ìpele kan. Ìpele 10 ni yóò sì kún inú rẹ̀. 10 lọ́nà 10 lọ́nà 10 jẹ́ 1.000. Bídọ̀n lítà 25 tí ẹ ń rù, 40 irú rẹ̀ ni yóò kún mítà kúbù 1.

Sitẹ́nì aládùúgbò ńkọ́? 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 8. Mítà kúbù 8 ni, ìyẹn lítà 8.000. Ti ìyá wa ńkọ́? 1 lọ́nà 1 lọ́nà 1 jẹ́ 1. Lítà 1.000 péré ni. Ìdajì 8 sì ni 4, kì í ṣe 1. Ìyá san ìdajì owó, ìdá kan nínú ìdá 8 omi ni ó gbà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 20 lójúmọ́, ẹni 6 á lo lítà 120. Lítà 1.000 á tó ọjọ́ 8, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Lítà 4.000 ì bá tó ọjọ́ 33.

Owó iṣẹ́ náà ńkọ́? Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde jẹ́ ìdá kan nínú 8 ti aládùúgbò. Ògiri ńkọ́? Sitẹ́nì ńlá ní ògiri 4 àti ilẹ̀ rẹ̀, ó di ojú 5. Ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2 lọ́nà 2, ìyẹn 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Sitẹ́nì kékeré náà ní ojú 5, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5. Ìdá kan nínú 4 ni bíríkì àti sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Bí a bá fi yẹ̀pẹ̀ ṣírò, 50.000 fáráǹkì ló tọ́ sí i. Bí a bá fi ògiri ṣírò, 100.000 ni. Ìyá san 200.000.

Mi ò ní pe másọ̀n náà ní olè. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé òun náà kò mọ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí ó ṣe ìlọ́po méjì, tí ó sì sọ mítà 2 di mítà 4 ní ìhà gbogbo, mítà kúbù 64 ni yóò gbẹ́ dípò 16. Òun gan-an ni ì bá jẹ gbèsè. Àìmọ̀ kì í mọ ojú olówó, kì í sì mọ ojú oníṣẹ́.

Níbo ni àṣìṣe náà ti wá? Láti ọjà ni. Ìṣirò ọjà dára, òun ni ó ń bọ́ wa. Ìdajì àpò àgbàdo, ìdajì owó. Ìlọ́po méjì ìgò epo, ìlọ́po méjì owó. Ìṣirò ọjà ń rìn tààrà. Ṣùgbọ́n kúbù kì í rìn tààrà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ti fọwọ́ kan nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn. Ìdajì lẹ́ẹ̀mẹta ni ìyá gbà. Ìdajì 8 ni 4, ìdajì 4 ni 2, ìdajì 2 ni 1.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti Okpomèta nìkan. Ìtàn àtijọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gíríìkì. Wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn. Wọ́n lọ bèèrè lọ́wọ́ òrìṣà wọn, ó ní kí wọ́n ṣe pẹpẹ tí ó tó ìlọ́po méjì èyí tí ó wà ní erékùṣù Délọ́ọ̀sì. Kúbù ni pẹpẹ náà. Wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì. Pẹpẹ di ìlọ́po 8, àrùn kò lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé rò ó títí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1837 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Pierre Wantzel fi hàn pé kò ṣeé ṣe bí a bá lo kìkì pákó ìfàlà àti ohun tí wọ́n fi ń ya òbírípo. Ṣùgbọ́n másọ̀n wa ní okùn ìwọ̀n, kò nílò iṣẹ́ ìyanu. Bí a bá sọ mítà 2 di mítà 2 àti sẹ̀ǹtímítà 52, mítà kúbù 16 ni yóò jáde, àṣẹ́kù rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò inú ìwé wò. Ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ní. Inú ìwé ọmọ mi ni mo ti bá ìṣirò onílẹ́tà pàdé. Irú ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ nìyí: Ẹ̀gbẹ́ kúbù kan jẹ́ mítà x. A fi mítà 1 kún gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀. Àyè inú rẹ̀ fi mítà kúbù 19 pọ̀ sí i. Kí ni x?

Ẹ má jẹ́ kí x dẹ́rù bà yín. Àwa Nàgó ti ní i tipẹ́. Bí a kò bá mọ orúkọ ẹnìkan, tàbí bí a kò bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, kí ni à ń pè é? Lágbájá ni. A ó sọ̀rọ̀ Lágbájá, a ó rán Lágbájá níṣẹ́, títí a ó fi mọ ẹni tí í ṣe. Lágbájá ni x. Ìṣirò yíyọ kúrò pàápàá wà lẹ́nu wa. 19 tí ó wà nínú ìbéèrè yìí, ọ̀kàndínlógún ni à ń pè é: ogún tí ó dín ọ̀kan. Ẹni tí ó lè ka ọ̀kàndínlógún ti ń ṣe ìyọkúrò kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán Lágbájá wò. Bí x bá jẹ́ 1, kúbù àkọ́kọ́ jẹ́ 1, èkejì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2 jẹ́ 8. Ohun tí ó fi pọ̀ jẹ́ 7. Kò tíì tó. Bí x bá jẹ́ 2, kúbù àkọ́kọ́ jẹ́ 8, èkejì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3 jẹ́ 27. Ohun tí ó fi pọ̀ jẹ́ 19. A ti rí i. Mítà 2 ni x.

Ọ̀nà ti ìwé gùn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n nínú. Ẹ fi amọ̀ mọ kúbù kan, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́. Ẹ ó lẹ amọ̀ pẹlẹbẹ 3 mọ́ ọn, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan nínú ìhà mẹ́ta. Àyè yóò ṣì ṣófo ní etí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ ó fi amọ̀ gbọọrọ 3 dí i. Igun kékeré kan ṣoṣo ni yóò kù, ẹ ó fi kúbù kékeré 1 dí i. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ x lọ́nà x. Gbọọrọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ x. Igun jẹ́ 1. Bí x bá jẹ́ 2, pẹlẹbẹ mẹ́ta jẹ́ 12, gbọọrọ mẹ́ta jẹ́ 6, igun jẹ́ 1. 12 àti 6 àti 1 jẹ́ 19. Mo ṣe é fún kíláàsì wa pẹ̀lú amọ̀, kò sí ẹni tí kò yé.

Kí ni mo rí tí ó dára nínú ìbéèrè yìí? Òótọ́ ni, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ó ń kọ́ni pé kúbù kì í dàgbà bí àpò àgbàdo: láti 1 ó di 8, láti 8 ó di 27, láti 27 ó di 64. Ó sì ń jẹ́ ká lè yẹ ìdáhùn wa wò.

Kí ni ó kù sí? Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, kò sí iṣẹ́, kò sí omi. Ta ni ó mọ iye tí kòtò rẹ̀ fi pọ̀ sí i, tí kò mọ bí kòtò náà ti tóbi tó tẹ́lẹ̀? Lórí ilẹ̀ wa, okùn ni a kọ́kọ́ ń nà. Ẹni tí ó kọ ìbéèrè náà fi ohun tí ó mọ̀ pa mọ́, ó wá ní kí ọmọ wá a. Bí àlọ́ ni. Àlọ́ dára, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ àlọ́ nìkan.

Ewu kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà ìwé mú ìdáhùn méjì jáde: 2, àti 3 tí ó wà lábẹ́ òdo. Lórí ìwé, méjèèjì bá ìṣirò mu. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí kòtò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òdo? Ọmọ tí ó ti rí kòtò á ju èkejì nù láìbèèrè. Ọmọ tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe x á kọ méjèèjì sílẹ̀, á sì fa ìlà sábẹ́ wọn.

Ẹ má rò pé mo ń ṣàsọdùn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìbéèrè kan: àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá ọkọ̀? Ọmọ 97 ni wọ́n bi. 76 nínú wọn fi nọ́ńbà inú ìbéèrè náà wá ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀. Obìnrin olùkọ́ kan, Stella Baruk, kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1985. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ni pé bí ẹ bá rí nọ́ńbà méjì, kí ẹ ṣe nǹkan kan sí wọn. Ìbéèrè tí kò ní ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní èdè wa kò lè gbé irú ìṣirò yìí. Irọ́ ni. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, títí kan ìṣirò, fún ọdún 6 ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáradára jù wọ́n lọ.

Àwọn mìíràn, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ àgbà, ní ìṣirò ọjà tó fún àgbà, pé kí a fi x sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún tí ìyá yẹn ṣe sitẹ́nì rẹ̀, ojú ewé kan wà lórí àyè inú àpótí nínú ìwé tí a ń lò. Mo fò ó. Mo ní kì í ṣe fún wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé ìyá, ó bi mí níwájú kíláàsì: "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin mọ èyí, ẹ kò sì sọ ọ́ fún wa?" Mi ò rí nǹkan sọ. Ìṣirò ọjà ni ìyá náà mọ̀, òun gan-an ni ó sì kó o sí gbèsè. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí x dúró. Ìbéèrè tí wọ́n fi x sí ni kí a tún ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, kí ẹ tó kọ ìbéèrè sójú pátákó, ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní: ta ni ó fẹ́ mọ ìdáhùn yìí, kí ni yóò sì fi ṣe? Èkejì: ṣé ohun tí a ní kí ó wá ni ohun tí kò mọ̀ lóòótọ́? Ẹ̀kẹta: báwo ni yóò ṣe yẹ ìdáhùn náà wò, bóyá pẹ̀lú okùn, bóyá pẹ̀lú bídọ̀n?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìyá wa ì bá ti rí lójú pátákó: Ìyá kan fẹ́ ìdajì omi sitẹ́nì mítà 2. Kí ni kí másọ̀n ṣe? Bí ìyá bá fẹ́ kúbù, x lọ́nà x lọ́nà x gbọ́dọ̀ jẹ́ 4. Mítà 1 kéré jù, mítà 2 pọ̀ jù. Mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 59 ni yóò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní ó di dandan kí ó jẹ́ kúbù? Kí másọ̀n fi gígùn sílẹ̀ ní mítà 2, kí ó fi fífẹ̀ sílẹ̀ ní mítà 2, kí ó gé jíjìn nìkan sí mítà 1. 2 lọ́nà 2 lọ́nà 1 jẹ́ 4. Lítà 4.000 dé. Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti aládùúgbò. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4, ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 8, àpapọ̀ 12 dípò 20. Owó rẹ̀ á wà láàárín 200.000 àti 240.000 fáráǹkì. Ìyá ì bá wá díẹ̀ kún owó rẹ̀, ilé rẹ̀ ì bá sì mumi ju oṣù kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹnìkan fẹ́ ṣe sitẹ́nì mítà 3 ní ìhà gbogbo. Másọ̀n ní: "Ẹ jẹ́ ká yọ mítà 1 péré kúrò ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí owó lè dín." Bídọ̀n lítà 25 mélòó ni onílé yóò pàdánù? Ẹ ṣírò ó kí ẹ tó ka ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti parí, ẹ bi másọ̀n yín náà.

Ìdáhùn: 27 yọ 8 kúrò jẹ́ 19. Mítà kúbù 19 jẹ́ lítà 19.000. Bídọ̀n 760 ni.